«Ìkópa» tàbí «ìdásí»? Ọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń wá sí mùsíọ́mù ojú ọjọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún àkójọ ọ̀rọ̀ wa ni pé kí la máa pè é ní Yorùbá, tí mùsíọ́mù kan bá ń jẹ́ kí àwọn tó wá wo nǹkan níbẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra wọn nípa àyípadà ojú ọjọ́, dípò kí wọ́n kàn wòran kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé «ìkópa àlejò nínú ìpolongo». Ẹlòmíràn ní ká pe àwọn tó wá náà ní «elégbè», pé bí àlọ́ àpagbè ṣe rí náà nìyẹn: apàlọ́ ń lé, àwọn tó jókòó ń gbè. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí iṣẹ́ yìí wà ná. Ní Bremerhaven, lórílẹ̀-èdè Jámánì, wọ́n ṣí ilé àfihàn nípa ojú ọjọ́ kan tó ń jẹ́ Klimahaus lọ́dún 2009. Ẹni tó bá wọlé á máa tọ ìlà òòró kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń fà láti àríwá dé gúúsù lórí máàpù, yí ayé ká, láti Switzerland dé erékùṣù Sardinia, dé Niger, Cameroon, Antarctica, Samoa àti Alaska. (Ìlà yẹn gba inú Nàìjíríà kọjá, àmọ́ wọn ò yà lọ́dọ̀ wa. Ó dùn mí díẹ̀.) Ooru á mú un ní Niger, òtútù á mú un ní Antarctica. Onítọ̀hún ti kópa, kò sí àní-àní. Ó rìn, ó làágùn, ó gbọ̀n. Síbẹ̀ ó lè jáde láì la ẹnu rẹ̀ rárá.

Ti Climate Museum ní New York yàtọ̀. Agbẹjọ́rò ni Miranda Massie tó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìjì Sandy ti ṣọṣẹ́ nílùú náà lọ́dún 2012. Ìwádìí àwọn ará Yunifásítì Yale ti fi hàn látọdún mélòó kan pé ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ń kọ lóminú, àmọ́ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ sọ ọ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mùsíọ́mù náà ń bá jà. Lọ́dún 2019, nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn lórí Governors Island, erékùṣù kan ní New York, wọn ò fi mọ sí kí wọ́n ṣàlàyé fún èèyàn; wọ́n ní kí ẹni tó wá sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ṣe.

Ibí ni «ìpolongo» ti já. Ẹnu ẹnì kan ni ìpolongo ti ń wá, etí ọ̀pọ̀ ló sì ń lọ. Ohun tí Massie àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń wá, ìtàkurọ̀sọ ni. «Elégbè» dùn létí, mo gbà, àmọ́ orin tí wọ́n bá lé fún elégbè ló ń gbè. Kò lè yí i padà. «Àlejò» ló burú jù. Àwa kọ́ la sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran? Ẹni tí a ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ la tún fẹ́ kó sọ ohun tó rí! «Olùbẹ̀wò» ṣì sàn.

«Ìdásí» ni èmi fara mọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀ tí èèyàn sì fi tirẹ̀ kún un, ó dá sí i nìyẹn. Ẹnì kan nínú wa ti ní ọ̀rọ̀ náà ń rùn bí àtojúbọ̀, torí a máa ń sọ fọ́mọdé pé «má dá sí i». Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò kan ọmọ la fi ń lé e sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ta wá ni ọ̀rọ̀ òjò àti ooru kò kàn? Ẹ mú ọmọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Ká ní ó dúró níwájú àwòrán òkun tó ń kún ní mùsíọ́mù kan l'Ékòó. Ṣé ẹ máa ní kó wá kópa ni? Òun ló yẹ kí ẹni tó kọ àlàyé sábẹ́ àwòrán máa bi léèrè.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ìtumọ̀ tuntun tí ICOM, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù lágbàáyé, fọwọ́ sí ní Prague lóṣù Kẹjọ ọdún 2022 ní kí àwọn ará ìlú máa lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ mùsíọ́mù. «Lọ́wọ́ nínú» tó fún ìyẹn, torí iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Ní ti «ilé ìṣẹ̀ǹbáyé» tí àwọn kan fi ń pe mùsíọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ká fi sílẹ̀ fún ibi tí ohun àtijọ́ wà. Ooru ọdún yìí kì í ṣe ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ohun tí màá kọ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa nìyí: «gbígba ìdásí àwọn olùbẹ̀wò nínú ìtàkurọ̀sọ lórí àyípadà ojú ọjọ́». Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá lè gé e kúrú láì yọ «ìdásí» kúrò nínú rẹ̀, kó gé e.