Káàdì ọdún Iléyá tí a fi bébà kíká ṣe: irú bébà wo ni kí n rà, níbo sì ni?

Àbẹ̀ní Súrùlérè

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ àsàlátù ìyá mi ní Làfíàjí fẹ́ fi káàdì kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí ara ò gbà láti jáde lọ sí yídì mọ́. Ogójì ni wọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n wá káàdì, àmọ́ èyí tí mo rí lọ́jà, àwòrán àgbò kan náà ló wà lójú gbogbo ẹ̀, èdè Òyìnbó nìkan ló sì wà nínú ẹ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń jókòó ti iṣẹ́ nítorí wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi káàdì kan hàn mí. Wọ́n gé bébà aláràbarà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tò wọ́n yíká láàárín káàdì títí ó fi di ìràwọ̀. Ó wù mí gan-an ni. Èmi, àwọn àbúrò mi méjì àtàwọn ọmọ ilé kéwú mélòó kan la máa jọ ṣe é, ó sì ku bí oṣù kan àti díẹ̀ kí ọdún tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, irú bébà wo ni kí n rà? Níbo? Gọ́ọ̀mù wo ni kì í ba bébà jẹ́? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ká a, kó bá mi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Tíṣà Yábàá

Àbẹ̀ní, o káre. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní iṣẹ́ yìí, inú mi dùn pé ẹnì kan béèrè ẹ̀ níbí. Hóláńdì ló ti wá. Obìnrin kan níbẹ̀, Tiny van der Plas, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1992, nígbà tó fẹ́ ṣe káàdì ọjọ́ìbí fún arábìnrin rẹ̀. Bébà tí wọ́n fi ń di tíì lọ́kọ̀ọ̀kan ló ká. Àmọ́ bébà yòówù tó bá fẹ́lẹ́, tó sì ní àwòrán, ló ṣeé lò.

Gé bébà sí onígun mẹ́rin tó dọ́gba, 3 sẹ̀ǹtímítà níbùú, 3 lóòró. Mú igun kan, ká a lọ bá igun tó kọjú sí i, tẹ ojú ibẹ̀, kí o sì tú u. Ìlà kan ti wà láàárín báyìí. Wá wo igun kan ní ìdí ìlà yẹn: etí bébà méjì ló pàdé níbẹ̀. Ká etí kìíní wá sórí ìlà, ká ìkejì náà wá, kí wọ́n fẹnu kora láìgun ara wọn. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ti di káìtì nìyẹn, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó níbì kan.

Igun bébà tó dọ́gba jẹ́ dígírì 90. Nígbà tí o ká etí méjèèjì wọlé, ó di 45. Bí mẹ́jọ irú ẹ̀ bá fi ṣóńṣó ẹnu kanra láàárín, 360 ló máa jẹ́, òbìrí á pé gẹ́ẹ́ láìsí àlàfo. Bí wọ́n bá gé bébà tí ẹ̀gbẹ́ kan fi gùn ju èkejì lọ bíńtín, ìkẹjọ ò ní ráyè wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń gé e ni iṣẹ́ yìí ti ń dáa tàbí ti ń bàjẹ́, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ká a. Torí náà, kọ́kọ́ tò wọ́n sílẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Fi pẹ́ńsùlù fa ìlà méjì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ tó dábùú ara wọn lójú káàdì, to káìtì mẹ́rin sí i: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Mẹ́rin tó kù á bọ́ sáàárín wọn.

Má gé e ju 3 lọ. Ní 3 sẹ̀ǹtímítà, ìràwọ̀ á fẹ̀ tó 8.5. Káàdì A6 jẹ́ 10.5 níbùú, á gbà á dáadáa. Bí o bá gé e ní 5, ìràwọ̀ á fẹ̀ tó 14, á yọ síta. Bébà A4 kan á fún ọ ní wẹ́wẹ́ 63, ìyẹn ìràwọ̀ méje, wẹ́wẹ́ méje á sì ṣẹ́kù. A4 mẹ́fà ti tó fún ogójì káàdì, àmọ́ ra mẹ́wàá nítorí àwọn ọmọdé.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Tíṣà ti là á yé wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bébà, torí iṣẹ́ oúnjẹ mi ni.

Bébà oríṣi méjì lẹ máa rà. Èyí tí ẹ máa ká, kó má ju gíráàmù 80 lọ (ìyẹn bí bébà tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, ṣe wúwo tó), bíi ti fọ́tókọ́pì. 100 ṣì ṣeé lò, àmọ́ ó ti ń le. Èyí tó máa jẹ́ káàdì fúnra ẹ̀, 250 sí 300. Àwọn èèyàn máa ń wá síbí, wọ́n á ní kí a fún àwọn ní èyí tó nípọn fún méjèèjì, torí wọ́n gbà pé bébà tó bá nípọn ló dáa. Bébà tó nípọn tí ẹ ká ní ojú 3 sẹ̀ǹtímítà á kàn wú sókè ni, kò ní sùn. Ẹ má sì lo kàlẹ́ńdà àríyá tó kún ilé gbogbo. Lóòótọ́ àwọ̀ ẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ká a, àwọ̀ orí ẹ̀ á bó lójú ìlà, funfun á yọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí kì í ṣe atẹ̀wé kì í kà sí. Bébà ní fọ́nrán nínú, ibì kan ni gbogbo fọ́nrán yẹn sì dojú kọ. Tí ẹ bá ká káàdì gba ibi tí fọ́nrán gbà lọ, ìlà á mọ́ tónítóní. Tí ẹ bá ká a dábùú fọ́nrán, á sán. Nínú ọ̀pọ̀ bébà A4, òòró ni fọ́nrán gbà. Ìdí nìyẹn tí káàdì A4 tí wọ́n ká sí méjì láàárín fi máa ń ya létí. Ẹ kọ́kọ́ gé A4 sí A5 méjì, kí ẹ wá ká A5 sí A6: ibi tí fọ́nrán gbà náà ni ìlà yín máa gbà, kò ní sán. Ogún A4 á fún yín ní ogójì káàdì. Tó bá jẹ́ àjákù lẹ rà, tí ẹ ò mọ ibi tí fọ́nrán ẹ̀ dojú kọ, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ibi tó ti rọ̀ jù ni kí ẹ gbà ká a.

Kí ẹ tó ká káàdì nípọn, ẹ mú bíírò tí yíǹkì ẹ̀ ti tán, ẹ fi rúlà gbè é, ẹ fa ìlà lójú ibi tí ẹ máa ká.

Ẹ wá sí Ṣómólú níbí. Kò jìnnà sí Súrùlérè, ẹ ò sì ní gba orí afárá tó lọ sí Erékùṣù. Àwọn tó ń gé bébà fún àwa atẹ̀wé máa ń ní àjákù káàdì nílẹ̀, olówó pọ́ọ́kú ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ bá yín gé káàdì sí A5 lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì la bébà fẹ́lẹ́ sí ọ̀já ọ̀já 3 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀yin á wá fi bíléèdì àti rúlà irin gé ọ̀já yẹn sí wẹ́wẹ́ nílé. Ó yá ju kí ẹ máa fi síṣọ́ọ̀sì gé gbogbo ẹ̀, ó sì dọ́gba ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Ògùdù

Ẹ kú ìjíròrò o. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ará Hóláńdì kan náà ní irú kíká mìíràn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, òun ni mo fẹ́ràn jù fún káàdì tí wọ́n máa kó kiri.

Àbẹ̀ní, wọ́n máa ń gé ihò sójú káàdì: òṣùpá, ìkòkò, ewé, ohun tó bá wù ọ́. Wàá wá dojú káàdì dé. Gé bébà sí ọ̀já bíi 2 sẹ̀ǹtímítà, ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì lóòró ẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni wàá ti máa tò wọ́n, kí etí tí o ká kọjú sáàárín ihò, kí o fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n. Yí i ká, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa sún wọlé díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Ihò onígun mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta. Onígun mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin. Nígbà tó bá ku ihò kékeré láàárín, fi bébà dídán bò ó. Tí o bá dojú káàdì sókè báyìí, wàá rí etí bébà tó sùn lé ara wọn bíi gèlè tí wọ́n ṣẹ́ dáadáa. Inú ẹ́ńfílóòpù tí báǹkì fi ń kó lẹ́tà ránṣẹ́ máa ń ní àwòrán wẹ́wẹ́ tó dára fún un, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ti gọ́ọ̀mù: gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà lágbára, àmọ́ omi wà nínú ẹ̀, bébà fẹ́lẹ́ á hunjọ. Tó bá jẹ́ òun lo ní, fi ẹnu tuńpíìkì kan ṣóńṣó káìtì nìkan, má kùn ún. Èyí tó dà bí ìpara ètè, tí wọ́n ń yí sókè, ló dáa jù fún àwọn ọmọdé. Téèpù olójú méjì náà dáa. Má jẹ́ kí wọ́n gbé gọ́ọ̀mù tí ń lẹ ìka pọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ rárá, àbàwọ́n ẹ̀ kì í lọ. Lásìkò òjò, fi ìwé ńlá tẹ káàdì mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí ọ̀rinrin Èkó ń jẹ́ kó ká kúrú.

Tíṣà Yábàá

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun mà. Òótọ́ ni pé tiyín tẹ́ ju tèmi lọ. Ohun tó jẹ́ kí n mú ìràwọ̀ ni pé gígé ihò gba bíléèdì ẹlẹ́nu mímú, àwọn ọmọ ilé kéwú ni Àbẹ̀ní sì fẹ́ bá ṣe é. Ti káìtì, àgbà kan ló máa gé bébà sílẹ̀, kíká ló máa kù fún wọn. Ọmọ ọdún méje ká a dáadáa tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbẹ̀ní, má jẹ́ kí ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá ti pé, ojú ẹ̀ máa rí bákan náà pẹ̀lú onígun mẹ́rin méjì tí wọ́n fi dábùú ara wọn. Àmì tó wà nínú ọ̀pọ̀ Kùránì níbi tí ìdá mẹ́rin hísíbù (hísíbù ni ọ̀kan nínú ọgọ́ta ìpín Kùránì) ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìyá àsàlátù tó ti ń ka Kùránì láti kékeré á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwòrán àgbò ò lè ṣe èyí fún wọn.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má kọ áyà Kùránì tàbí orúkọ Ọlọ́run ní lárúbáwá sójú káàdì náà. Káàdì máa ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n lè gbá a mọ́ pàǹtí lẹ́yìn ọdún. Ìkíni Yorùbá ni kí o kọ: Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, àṣèyí ṣàmọ́dún. Kí o dárúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan gan-an bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ẹgbẹ́, Ìyá Àlàájà báyìí báyìí, kí o kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà nítorí ojú.

Tó bá jẹ́ Erékùṣù lo ti máa ra bébà aláràbarà, lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn. Fọwọ́ kan án kí o tó san owó, náílọ́ọ̀nù wà nínú ẹ̀ tó dà bí bébà, kì í gba ìlà. Mú àwòrán wẹ́wẹ́. Àwòrán ńlá, tí o bá gé e sí 3 sẹ̀ǹtímítà, kò ní hàn mọ́. Àárọ̀ ni kí o lọ, kí o má bàa bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé.

Àkàndé Agége

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé a lè fi àjákù àǹkárá ṣe é dípò bébà? Ilé ìyá mi kún fún un, aránṣọ ni wọ́n.

Ìyá Ìbejì Ògùdù

Àkàndé, ó ṣeé ṣe, àmọ́ aṣọ kì í di ìlà mú bíi bébà. Fi sítáàṣì líle rin ín, jẹ́ kó gbẹ, lọ̀ ọ́, kí o tó gé e. Ní 3 sẹ̀ǹtímítà ó ṣì máa nípọn. Ọ̀já lóòró, nínú irú èyí tí mo júwe, ni àǹkárá ti dára jù. Kí ìyá rẹ.

Àbẹ̀ní Súrùlérè

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún ìyá mi, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ló wọ̀ wọ́n lára jù. Ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ la máa ṣe, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà lórí káàdì funfun. Fún ìyá mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, màá ṣe òṣùpá Ìyá Ìbejì, èmi fúnra mi ni màá gé ihò ẹ̀.

Mò ń bọ̀ ní Ṣómólú láàárín ọ̀sẹ̀. Atẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ́ńfílóòpù ńkọ́? Àwọn ọmọdé ló máa fẹsẹ̀ pín in láti ilé dé ilé, mi ò fẹ́ kó rún.

Atẹ̀wé Ṣómólú

C6 ni kí ẹ béèrè, 11.4 sí 16.2 sẹ̀ǹtímítà. Káàdì A6 á wọ inú ẹ̀ pẹ̀lú àyè díẹ̀. Káìtì Tíṣà ò gun ara wọn, torí náà kò ní ga. Ohun tí kò ní jẹ́ kó wọlé ni tí ẹ bá lọ lẹ òkúta dídán tàbí bọ́tìnì sáàárín ìràwọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe é. Ẹ ra ẹ́ńfílóòpù kan ṣoṣo ná, kí ẹ ṣe káàdì kan parí, kí ẹ kì í bọ̀ ọ́ wò, kí ẹ tó ra ogójì. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí a fi káàdì tó ṣẹ́kù ṣe ẹ́ńfílóòpù fún yín, ẹ mú ọ̀kan tí ẹ ti parí dání tí ẹ bá ń bọ̀, ká fi wọ̀n ọ́n.