Odídẹrẹ́ wa ní àìsàn tí kì í tètè lọ: báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀ nílé?

Ìyá Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Odídẹrẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ti ń tọ́jú láti ọdún 11 sẹ́yìn, nílé wa nítòsí ọjà Ouando. Ní oṣù tó kọjá, mo kíyè sí i pé ìrù pupa rẹ̀ ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà tó bá mí, àti pé ohùn tó fi máa ń kí mi láàárọ̀ ti há, ó wá ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà ẹran kan ní Kútọnu ya fọ́tò inú àyà rẹ̀, ó sì kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé: aspergillose. Ó ṣàlàyé pé irú ohun tí ń hù lára oúnjẹ tó bu ló ti hù sínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀, pé ìtọ́jú rẹ̀ yóò gba ọ̀pọ̀ oṣù, àti pé ó lè máa padà wá. Mo ń fún un ní oògùn olómi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ohun tó yẹ kí n máa ṣe nílé fún mi. Aládùúgbò mi kan tilẹ̀ ní kí n ra òmíràn kún un kí ó má baà dá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Olódìdẹ, Kétu

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ; tiyín náà kò ní kú. Kí ló ń jẹ? Mo béèrè nítorí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fún tèmi ní ẹ̀pà eléèpo fún ọdún mẹ́rin, títí di ọjọ́ tí mo la ọ̀kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dán dáadáa, tí mo sì bá irun funfun àti ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn ni ẹyẹ ń fà símú. Ẹ má ṣe fún un ní ẹ̀pà eléèpo mọ́, ẹ má sì fi ṣùkù àgbàdo tàbí ìyẹ̀fun pákó tẹ́ ìsàlẹ̀ àgò rẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń bu kíákíá nílùú tó wà létí ọ̀sà bíi tiyín. Ìwé ìròyìn ni kí ẹ tẹ́ síbẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí àgò náà bá wà níbi tí èéfín ààrò tàbí ti oògùn ẹ̀fọn ń gbà, ẹ gbé e kúrò lónìí.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́, ojú kì í sì í tètè rí rírù rẹ̀ nítorí ìyẹ́, nítorí náà ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí ń ka gíráàmù, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kí ó tó jẹun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Odídẹrẹ́ tí ara rẹ̀ yá sábà máa ń wọ̀n tó 400 sí 500 gíráàmù. Bí tiyín bá fi ìdámẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ ìbẹ̀wò.

Bí ẹ bá fi aṣọ ìnura dì í láti fún un lóògùn, orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má ṣe tẹ àyà rẹ̀ rárá. Ẹyẹ kò ní awọ tó la àyà àti ikùn láàárín bíi tiwa. Bí egungun àyà rẹ̀ kò bá ráyè lọ síwá sẹ́yìn, kò lè mí, ó sì lè kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tún bi dókítà bóyá itraconazole ni oògùn náà, nítorí pé ó máa ń le fún irú odídẹrẹ́ tiwa yìí ju àwọn ẹyẹ mìíràn lọ. Bí kò bá fẹ́ jẹun mọ́, ẹ tètè pè é. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín.

Ní ti ríra òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹyẹ tuntun lè gbé àìsàn mìíràn wọlé, àti pé láti ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti pinnu nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè dópin.

Bàbá Olódìdẹ, Kétu

Mo gbàgbé oúnjẹ. Fítámì A ló ń mú kí inú ọ̀nà èémí le, ẹyin ọ̀pẹ sì kún fún un; oúnjẹ rẹ̀ nínú igbó ni. Ẹ máa fún un ní ẹyọ kan tàbí méjì, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, tẹ̀tẹ̀ àti ata. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fẹnu kan píà (avocado) láé, nítorí májèlé ni fún un.

Ìyá Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbé àgò náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná lọ sí yàrá iwájú. Ó wọ̀n 385 gíráàmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. 398 ni láàárọ̀ yìí. Kò tíì kí mi, ìrù rẹ̀ sì ṣì ń mì díẹ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n ó di ẹyin ọ̀pẹ mú ní ẹsẹ̀ kan lánàá, ó sì bó o tán títí ẹnu rẹ̀ fi pupa. Ọ̀la ni mo ń gbé e lọ sí Kútọnu pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé: ṣé aṣọ tútù tí a fi kọ́ ojú fèrèsé tó láti dá eruku dúró, àbí yóò mú kí yàrá náà rin jù?