Bẹ́rì aláró lalẹ̀hù: èrò tèmi lórí orúkọ tí à ń wá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú làákàyè.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe "wild blueberry", èso kéékèèké aláwọ̀ búlúù, nínú ìwé tí à ń túmọ̀ lórí ìtọ́jú èso náà àti oore tó ń ṣe fún ara. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: "búlúbẹ́rì inú igbó", "èso aláwọ̀ ojú ọ̀run" àti "bẹ́rì aláró". Ìkẹta ni mo fara mọ́, àmọ́ mo fẹ́ kí a fi "lalẹ̀hù" tì í.

"Inú igbó" ló ń dùn mí jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé inú ijù ni wọ́n ti ń já a. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, àti ní Quebec, New Brunswick àti Nova Scotia ní Kánádà, oko gidi ni, tó tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ oòrùn, tó sì ní ẹni tó ni ín. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ó ti wà nílẹ̀ lábẹ́ igi ńláńlá. Nígbà tí wọ́n gé igi kúrò, ó rí ìmọ́lẹ̀, ó bá tàn kálẹ̀. Vaccinium angustifolium ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Kì í sábà ga kọjá orúnkún, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń rìn: á nà lọ, á yọrí níhìn-ín, á yọrí lọ́hùn-ún, títí ìdí kan ṣoṣo á fi gba ilẹ̀ tó fẹ̀. Tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ojú lásán ti tó láti mọ ibi tí ìdí kan parí sí. Ewé apá kan á ti pọ́n dòdò, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀, òmíràn á sì ti di rúsúrúsú, gbogbo wọn lórí oko kan náà.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó hù láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín: lalẹ̀hù. Ó lè wà lóko, kí olóko máa tọ́jú rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, síbẹ̀ kó ṣì jẹ́ lalẹ̀hù. Ó bá èso yìí mu wẹ́kú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ "ìwádìí lórí ọ̀gbìn" tó wà nínú àkọlé ìwé náà. Ta ló gbìn ín? Ìtọ́jú ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ní ọdún kìíní, wọ́n á gé e mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n dáná sun ún, kó lè rú lákọ̀tun. Ọdún kejì ni yóò tanná tí yóò sì so. Àwọn Passamaquoddy, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ni ilẹ̀ náà, ti ń dáná sun ún bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó débẹ̀. Nígbà tó bá tanná, wọ́n á kó ilé oyin wá sóko, torí lẹ́búlẹ́bú òdòdó gbọ́dọ̀ ti ìdí kan dé ìdí mìíràn kí ó tó so dáadáa.

Èyí tí wọ́n ń gbìn wà lọ́tọ̀. Frederick Coville, onímọ̀ ewéko ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní ọdún 1910 pé ilẹ̀ tó ní ásíìdì ni irú igi yìí ń fẹ́. Òun àti àgbẹ̀ kan, Elizabeth White, sì jọ ṣiṣẹ́ ní New Jersey títí wọ́n fi ta èso àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìn ní 1916. "Bẹ́rì aláró ọ̀gbìn" nìyẹn. Lalẹ̀hù àti ọ̀gbìn: ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró ti ara wọn dáadáa.

Wọ́n ní "aláró" á jọ ẹni tó ń pa aṣọ láró. Òótọ́ ni pé ó ní ìtumọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n a ń sọ "aṣọ aláró" lójoojúmọ́, kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú. Ojú ọ̀run ní tirẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ nu ìda funfun tó wà lára èso náà kúrò, ẹ ó rí i pé ó dúdú mọ́ búlúù. Ẹ fọ́ ọ láàárín ìka, ó di àbààwọ́n. Aró gan-an ni èyí tí wọ́n ń pè ní anthocyanin, òun sì ni àwọn olùwádìí ìlera ń lé kiri. Awọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Nígbà tí lalẹ̀hù sì kéré ju ọ̀gbìn lọ, awọ rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀gbìn lọ tí a bá fi wé ẹran rẹ̀. Mo dábàá "aró èso" fún anthocyanin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ "ń wo àrùn sàn" kúrò níbi tó ti jẹ yọ nínú ìwé náà. Ní 2010, Robert Krikorian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cincinnati fún àgbàlagbà mẹ́sàn-án tí ìrántí wọn ti ń dín kù ní omi bẹ́rì lalẹ̀hù mu fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò ìrántí. Ó wú mi lórí, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́sàn-án ni. Ní 2019, Yunifásítì East Anglia tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí èèyàn 115 fún oṣù mẹ́fà. Ìwọ̀n ife bẹ́rì kan lóòjọ́ mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, ìlàjì ife kò ṣe bẹ́ẹ̀, bí ara ṣe ń gba ínsúlínì kò sì yí padà. Bẹ́rì ọ̀gbìn ni wọ́n lò níbẹ̀. Tí orúkọ méjèèjì bá ti dàrú mọ́ra, a ó gbé àṣeyọrí ọ̀kan fún èkejì. "Ó ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ lóore" ni kí a kọ.

Ó ku ẹyọ kan. Ìwé náà pe ohun tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ yẹn ní "gbòǹgbò". Kì í ṣe gbòǹgbò, nítorí ojú tí ewé ti ń yọ wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń rú. "Ẹ̀ka abẹ́lẹ̀" ni mo mú wá. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó fi ránṣẹ́ kí a tó ti orí kẹta.