Rímù owó ńlá, òkè Ẹ̀fọ̀n kò mọ̀

Ta ló ti náwó sórí kẹ̀kẹ́ eré rí, tó sì yá sí i lóòótọ́? Ẹ sọ tiyín. Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Mo ra rímù kábọ́ọ̀nù tòkunbọ̀, èyí tó fúyẹ́ ju ti irin lọ. Ẹ má bi mí ní iye rẹ̀, ìyàwó mi ń ka ibí yìí. Mo gbé e jáde láti Adó, mo gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọ̀kọ, mo dé Ìtawùrẹ́, mo kọjú sí òkè Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tí mo dókè tí mo wo aago, ẹ̀rín ló pa mí. Ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni mo fi yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Mo wá ṣírò ó. Èmi àti kẹ̀kẹ́ jẹ́ kílò 92, rímù yẹn sì fi kílò 1 dín in. Lórí òkè tó ń gbà mí ní 20 ìṣẹ́jú, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 13 náà nìyẹn. Iyán tí mo jẹ mọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù ú lọ.

Taya ló yà mí lẹ́nu. Fókánáísà mi á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á ní "kò tíì le", á tún fún un títí géèjì á fi ka 110. Lójú ọ̀nà wa tó rí gbágungbàgun yìí, ńṣe ni kẹ̀kẹ́ á máa ta pọ́ún-pọ́ún, agbára ẹsẹ̀ á sì ṣòfò. Mo dín in sí 75, mo fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, mo kán òróró sí i. Kẹ̀kẹ́ yá sí i! Fókánáísà ṣì ń bínú.

— Ẹ kú ìrírí, ẹ̀gbọ́n. Ìkẹ́rẹ́ lèmi wà. Ṣẹ́ẹ̀tì ńlá ni mo máa ń wọ̀, atẹ́gùn á kún inú rẹ̀ bámú. Mo ra èyí tó lẹ̀ mọ́ra ní òkìríkà, mo tún ń tẹ̀ ba. Níbi títẹ́jú, atẹ́gùn lọ̀tá, ara wa ló sì ń dènà rẹ̀ jù, kì í ṣe irin.

— Bàbá mi fi Raleigh tí kò ní gíà kó kòkó. Èmi tí mo ní gíà, sísọ̀kalẹ̀ tì í ni mò ń ṣe lórí òkè, àwọn ọmọ ilé-ìwé á máa kí mi, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá." Mo pààrọ̀ gíà ẹ̀yìn, láti eyín 25 sí 32. N kì í sọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ṣì ń fẹsẹ̀ sáré kọjá mi.