Níbo lèèyàn ti ń rí àkọsílẹ̀ owó kámpéènì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Nígbà ìbò 2023, ọkùnrin kan tó ń du ilé aṣòfin Kwara pín ọ̀kadà àti ìrẹsì ládùúgbò wa n'Ílọrin, màmá mi ṣì ń fi bókẹ́ẹ̀tì tí fọ́tò ẹ̀ wà lára pọnmi títí dòní. Mo wá kà á pé òfin ìdìbò 2022 tí wọ́n ń lò nígbà yẹn ní mílíọ̀nù 30 náírà nirú ẹ̀ lè ná mọ, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo lè dá tó mílíọ̀nù 50 fún un (ẹ gbọ́, irú ìṣirò wo nìyẹn?). Wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ kó ìṣirò ìnáwó ìbò fún INEC, àjọ elétò ìdìbò, láàárín oṣù 6 lẹ́yìn ìbò, ṣé ọ́fíìsì wọn n'Ílọrin níbí ni mo ti máa béèrè ẹ̀ ni àbí Àbújá? Ta ló ti fi òfin FOI (èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba) kọ lẹ́tà sí wọn rí, ṣé wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ 7 lóòótọ́?