Ẹ jẹ́ kí nóòtì máa jẹ́ nóòtì

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe nóòtì orin ní "àmì ohùn" nínú ìtọ́sọ́nà LilyPond, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ìwé orin, tí a fẹ́ kọ ní Yorùbá. Mi ò fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ dùn létí.

LilyPond, tí Han-Wen Nienhuys àti Jan Nieuwenhuizen bẹ̀rẹ̀ ní 1996, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fọwọ́ fa nóòtì kiri. Lẹ́tà là ń tẹ̀, òun ló ń sọ ọ́ di ìwé orin. Bí ẹnì kan bá wá ké sí wa pé "àmì ohùn mi ti yẹ̀", kí la fẹ́ dá a lóhùn?

Ó lè jẹ́ àmì orí ẹ́ tàbí ọ̀, tí àwa náà ń pè ní àmì ohùn, ló fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́ǹtì nìyẹn. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹ la kọ́kọ́ ń tẹ̀, ká tó gbé àmì lé e, kì í sì í ṣe gbogbo fọ́ǹtì ló mọ ibi tó yẹ kó jókòó sí. Kí ẹni náà lo fọ́ǹtì Charis SIL, kó sì tọ́jú fáìlì ní UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú Unicode nínú fáìlì.

Ó sì lè jẹ́ pé nóòtì ìparí ló ṣófo, tí kò ní ọ̀rọ̀ lábẹ́. Èyí kò kan fọ́ǹtì rárá. Ẹni náà ti kọ "Ọ-lọ́-run" papọ̀, LilyPond kà á sí sílébù kan, ó kó o sábẹ́ nóòtì kan, gbogbo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sì ṣáájú ibi tó yẹ wọ́n. "Ọ -- lọ́ -- run" ló yẹ kó kọ, pẹ̀lú àlàfo níwájú àti lẹ́yìn ìlà méjèèjì.

Ekundayo Phillips, tó tẹ ọ́gáànù ní Kàtídírà Kristi l'Ékòó láti 1914 di 1962, tẹnu mọ́ ọn pé kí nóòtì máa bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Ṣé "kí àmì ohùn máa tẹ̀ lé àmì ohùn" la fẹ́ máa wí? "Nóòtì" ni àwọn akọrin ń pè é. Ó tó.

Mo gba "ìlà ìsopọ̀" fún --. Fún __, tó ń fi hàn pé sílébù kan gba nóòtì púpọ̀, "ìlà ìfà" ni mo fẹ́, torí "ẹ fà á" ni olórí akọrin ń sọ.

Ẹ má sì fi "ègé ọ̀rọ̀" rọ́pò sílébù. Ẹni tó ń wá ègé yóò fo ń, bẹ́ẹ̀ ó ní nóòtì tirẹ̀: "Ọ -- ba ń bọ̀", sílébù mẹ́rin, nóòtì mẹ́rin.