Nígbà tí wọ́n ti Twitter pa: báwo lẹ ṣe ń dá ìdènà mọ̀ yàtọ̀ sí nẹ́tíwọ̀kì tí kò dáa?

Ẹlẹ́rọ Mọ́kọ́lá:
Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 2021 ni ilé iṣẹ́ Lai Mohammed, mínísítà ìròyìn nígbà náà, kéde pé àwọn ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Orí Twitter náà ni wọ́n ti kéde rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò ṣí mọ́ lórí àwọn síìmù ńláńlá. Ó di oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Nàìjíríà kò ní ògiri ńlá kan tó ń dí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti Ṣáínà. NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ló pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, kálukú sì fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ lórí síìmù kan fi lè kọ̀ lórí èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ wo DNS, òun ni ìwé tí fóònù fi ń wá nọ́ńbà ojú òpó. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti dí i, oògùn rẹ̀ kò le: lórí Android 9 sókè, ẹ wọ Settings, Network & internet, Private DNS, kí ẹ kọ dns.google tàbí one.one.one.one síbẹ̀. Bó bá ṣí, ó parí, ẹ ò nílò VPN (áàpù tó ń bo dátà yín, tó sì ń gbé e gba kọ̀ǹpútà ibòmíràn kọjá) rárá.

Bí kò bá ṣí, ẹ wo ohun tí Chrome kọ. ERR_CONNECTION_RESET tó yọ lójú ẹsẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀rọ kan lójú ọ̀nà ka orúkọ ojú òpó náà, ó sì já a. Https ń bo ohun tí ẹ ń kà, àmọ́ orúkọ ojú òpó ṣì máa ń lọ níhòòhò nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí fóònù rán. SNI ni wọ́n ń pè é. DNS tuntun kò lè gbà yín níbẹ̀. Bó bá ń yí títí tó fi kọ ERR_CONNECTION_TIMED_OUT, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ojú òpó náà gan-an (IP) ni wọ́n dí, ó sì lè jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì lásán. Ẹ ṣí ojú òpó mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ tó bú ìjọba.

Adétọ́lá_VPN:
Ẹlẹ́rọ, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti VPN kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

"Connected" tó wà lójú fóònù kò túmọ̀ sí pé dátà ń kọjá. WireGuard, ọ̀kan lára ọ̀nà tí VPN ń lò, ń gba UDP, irú ọ̀nà kan tí dátà ń gbà rìn. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dí UDP, kò ní sí ohun kankan tó máa wọlé. Nínú Settings VPN yín, ẹ yí i sí OpenVPN TCP (ọ̀nà VPN mìíràn tí kì í gba UDP), port 443, ojú ọ̀nà https fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó máa falẹ̀ díẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ń wọlé àmọ́ tí àwòrán kò tán, MTU, ìyẹn bí ẹrù dátà kọ̀ọ̀kan ṣe lè tóbi tó, ni kí ẹ fura sí. WireGuard ń fi 60 bytes kún ẹrù kọ̀ọ̀kan lórí IPv4, ẹrù tó ti kún tẹ́lẹ̀ á wá tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ẹ sọ MTU di 1280 nínú Settings VPN yín.

Áàpù báńkì lè kọ̀ yín nítorí pé IP òkèèrè ló rí. Ẹ fi split tunneling, ibi tí ẹ ti ń yan áàpù tí kò ní gba VPN kọjá, yọ ọ́ kúrò nínú VPN. VPN ọ̀fẹ́ tí ẹ ò mọ olówó rẹ̀, òun náà lè máa wo ibi tí ẹ ń lọ. Kẹ́ ẹ sì gba VPN tí ẹ fọkàn tán sórí fóònù ṣáájú, torí ojú òpó VPN náà lè wà lára ohun tí wọ́n máa dí.

Bọ̀dé_OONI:
Ẹ̀rí ni tèmi. OONI Probe ni áàpù tó ń dán an wò bóyá wọ́n dí ojú òpó: ẹ tẹ Websites, ẹ jẹ́ kó sáré. Ẹ kọ́kọ́ PA VPN, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nẹ́tíwọ̀kì ibi tí VPN wà lẹ máa wọ̀n. "Anomaly", ìyẹn ohun tó jọ ìdènà, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ tún un ṣe lórí síìmù mìíràn. Àbájáde ń lọ síta fún gbogbo ayé, pẹ̀lú orúkọ nẹ́tíwọ̀kì yín. Ẹni tó bá ń ṣọ́ra, kó pa ìfiránṣẹ́ náà nínú Settings.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an, torí ọ̀rọ̀ ìdènà lè dé ilé ẹjọ́: ilé ẹjọ́ ECOWAS ló dá a lẹ́jọ́ ní 14 oṣù Keje 2022 pé títì tí wọ́n ti Twitter kò bófin mu.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Gbogbo èyí dára, bí ọ̀nà bá ṣì wà. Ní Benin, ọjọ́ ìdìbò aṣòfin, 28 oṣù Kẹrin 2019, wọ́n kọ́kọ́ dí WhatsApp àti Facebook, VPN ṣì gba àwọn kan. Nígbà tó yá, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì lápapọ̀. VPN wá di ọkọ̀ tí kò ní títì.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lo Briar, áàpù ìfiránṣẹ́ tó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Android ni. Ó ń gba Bluetooth àti Wi-Fi láàárín fóònù sí fóònù. Bluetooth kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́wàá lọ, nítorí náà ti àdúgbò ni, kì í ṣe ti Àjàṣẹ́ sí Kútọnu. Ẹ ti fi orúkọ ara yín síra yín lórí áàpù ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ lè fi kámẹ́rà ya QR ara yín lójúkojú.